Lẹ́tà Kan Nínú Orúkọ Penitala

Ẹ má bínú bí mo bá ń wolẹ̀ sọ ọ́. Ìtàn bí mo ṣe di aya Penitala kì í ṣe èyí tí mo lè gbójú sókè sọ, nítorí kò sí ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí n kò ní bá ìtìjú pàdé kí n tó dé ìparí.

Fuatino lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù ní ọ́fíìsì Misisi Tomasi, lójú ọ̀nà etíkun ní Apia. Olórí iṣẹ́ mi ni pé kí orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù àti orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì bára wọn mu, láìfi lẹ́tà kan yàtọ̀. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé kékeré ni. Àwa ará Samoa, orúkọ wa pọ̀. Èyí tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún èèyàn wà, èyí tí ìyá àgbà ń pè é wà, ti bàbá rẹ̀ tó di orúkọ ìdílé wà, oyè tún lè dé lẹ́yìn ọ̀la kó gbá gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ lásán nílé, «n» a di «g» lẹ́nu wa, «t» a di «k». Ẹni tí à ń pè ní Penitala níwájú àlùfáà, Pegikala ni létí òkun. Ìdí nìyẹn tí Misisi Tomasi fi kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ fi etí kọ tíkẹ́ẹ̀tì.

«Ojú ni kó o fi kọ ọ́,» ló máa ń wí. «Gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, fi pẹ́ńsù to àmì sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀dà tá a bá ṣe, kó o tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.»

Fún ọdún mẹ́fà, wọn ò dá èrò mi kan ṣoṣo padà rí ní pápá ọkọ̀ òfurufú Faleolo.

Ìyá àgbà Penitala ló mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá náà fẹ́ lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Pago Pago, ní Samoa ti Amẹ́ríkà, Penitala sì sìn ín wá, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó nínú irun, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn.

«Ìyá, Ioana ni wọ́n kọ síbí,» ni mo wí.

«Ta ló ń jẹ́ Ioana? Siaula ni mí. Àwọn tó bí mi ò mọ Ioana kankan.»

«Pásípọ́ọ̀tù yín ló wí bẹ́ẹ̀, Ìyá.»

«Pásípọ́ọ̀tù yẹn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi.»

Penitala dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó gbójú sókè, omi ẹ̀rín ti kún ojú rẹ̀. «Àǹtí, ẹ bá wa kọ Ioana. Bí wọ́n bá pe Ioana ní pápá, èmi fúnra mi á na ọwọ́ ìyá sókè.»

«Ṣé mo jọ àǹtí rẹ ni?»

«Rárá o. Àwọn àǹtí mi kì í rẹwà tó báyìí.»

Ìyá àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ gún un ní egungun ìhà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó tún wọlé, òun nìkan, ó ní òun wá béèrè bóyá bààlúù ń lọ sí erékùṣù Savai'i.

«Ọkọ̀ ojú omi ló ń lọ Savai'i,» ni mo dá a lóhùn. «Ìwọ tó ń kan ọkọ̀ ló yẹ kó mọ̀.»

«Mo mọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni.»

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, búrẹ́dì olómi àgbọn ló gbé wá, èyí tó ṣì gbóná. Misisi Tomasi jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀, ó ní ká máa ṣe sùúrù fún oníbàárà yìí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀, tó fi pé ọdún kan.

Bàbá mi, Eteuati, díákónì ni ní ìjọ wa. Kò kórìíra Penitala. Ohun tó ń bẹ̀rù ni Niu Silandi. Ẹ̀gbọ́n mi Lusia ti ní àfẹ́sọ́nà rí. Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti rán aṣọ, ni ọkùnrin náà bá ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣàìsàn ní Okilandi fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, lẹ́tà dé pé ó ti gbé ìyàwó mìíràn níbẹ̀. Bàbá mi ló dìde láàárín ìjọ lọ́jọ́ Sunday láti sọ pé ìgbéyàwó ọmọ òun kò ní wáyé mọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí bààlúù lókè, a máa gbójú kúrò.

Àṣé Okilandi náà ni ìyá Penitala wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò tíì fojú kan ọmọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ló ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń fi ohùn orí fóònù tọ́ ọmọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n pè láti ibẹ̀ pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Penitala sáré gba físà. Kó tó lọ, ó rán Àǹtí Aperila, àbúrò bàbá rẹ̀, sí ilé wa láti tọrọ mi.

Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń gbọ́.

«A ò ní kẹ́ ẹ ṣe ìgbéyàwó lónìí,» Àǹtí Aperila wí. «Ẹ kàn fún wa ní ọ̀rọ̀ kan, kí ọmọ wa lè gbé e dání lọ.»

«Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá,» bàbá mi dáhùn. «Ẹ jẹ́ kó lọ, kó dé, ká tó sọ̀rọ̀.»

«Eteuati, ìyá rẹ̀ ń kú lọ. Kì í ṣe afẹ́ ló ń lọ ṣe.»

«Ti àkọ́kọ́ náà, aláìsàn ló ní òun ń lọ wò.»

«Ṣé nítorí ẹnì kan ṣẹ̀ yín lẹ ṣe fẹ́ fìyà jẹ ẹlòmíràn?»

«Mo ti rí aṣọ ìyàwó tí kò rí ọkọ,» bàbá mi wí. «Ó ṣì wà nínú àpótí níbí. Ẹ má bínú sí mi.»

Mo jáde sí ilé ìdáná. Lusia ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù. Kò gbójú sókè kó tó sọ̀rọ̀.

«Bó bá lọ, ó lọ nìyẹn,» ló wí. «Ṣùgbọ́n ìwọ lo ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Kọ ọ́ kó má lè lọ.»

Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí a bá ti fi í sílẹ̀ síbi ẹ̀rín yẹn, ì bá dára.

Ọjọ́ Wednesday ni Penitala wá gba tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi wọ bààlúù ọjọ́ Friday. Ó gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ síwájú mi. Penitala Manase. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo fi pẹ́ńsù to àmì sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí mo ti máa ń ṣe. Mo kọjú sí kọ̀ǹpútà. Kí ni mo rò? Mo rò pé bí bààlúù yìí bá fi í sílẹ̀, ìjókòó kò ní sí títí di Tuesday. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, bàbá mi lè rọ̀. Mo tilẹ̀ sọ fún ara mi pé àìsàn kíndìnrín kì í pa èèyàn kíákíá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo tẹ Magase.

Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó kì í bọ àpò àyà.

«O ò ní kà á ni?» mo béèrè. Inú mi lọ́hùn-ún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kà á.

«Ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́. Kí ni mo tún fẹ́ máa wò?»

Ní Friday, mo bá wọn lọ sí Faleolo. Mo fi ẹ̀gbà òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn pẹ̀lú ọwọ́ tó tẹ lẹ́tà yẹn. Mo dúró nítòsí nígbà tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó wo ọ̀kan, tó wo èkejì, tó sì mi orí.

«Orúkọ yìí kì í ṣe tìyẹn.»

«Ọ̀gá, bí ẹnu wa ṣe ń pè é ni,» Penitala wí. «N àti g, ọ̀kan náà ni nílé.»

«Nílé ni, arákùnrin mi. Ibí yìí kì í ṣe ilé.»

Penitala bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Aperila bẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà Siaula jókòó sórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì, ó ní òun kò ní dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ní tí àwọn bá jẹ́ kó wọlé, àwọn ará Niu Silandi yóò dá a padà lọ́hùn-ún, yóò sì di ọ̀ràn. Mo wo bààlúù náà bó ṣe gbéra. Ẹkún ń gbọ̀n mí, Penitala sì fà mí mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn.

«Má sunkún mọ́,» ó ń wí. «Àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe?»

Ní ọ̀sán Saturday, ó ní kí n wá jókòó ti òun kí òun pe ìyá òun. Ohùn obìnrin náà ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n fóònù náà ń pariwo, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

«Ṣé o ti wà lọ́nà?»

«Mo ń bọ̀, Mama. Ọjọ́ Tuesday.»

«Mo rò pé àná ni.»

«Nǹkan kékeré kan ló dá mi dúró.»

«Ó dáa. Màá dúró dè ọ́.»

Ìyá Penitala kú ní àárọ̀ Monday. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí Misisi Tomasi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni Penitala fi wọ bààlúù lọ́jọ́ kejì, láti lọ bá òkú.

Nígbà tó lọ tán, Misisi Tomasi pè mí sí yàrá ẹ̀yìn. Ó tẹ́ ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù náà sórí tábìlì, ó fi ìka sí i. Lábẹ́ lẹ́tà «n», àmì pẹ́ńsù mi wà níbẹ̀, dúdú, tónítóní.

«O rí n kó o tó tẹ g,» ló wí.

Mo tẹjú mọ́ àmì náà.

«Mi ò ní bi ọ́ léèrè, torí mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn mọ́, Fuatino.»

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń gbálẹ̀, tó ń se tíì ní ọ́fíìsì tí mo ti ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Mo sọ nílé pé ojú ló ń dùn mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Penitala gbé òkú ìyá rẹ̀ wálé, wọ́n sì sin ín sí iwájú ilé wọn, bí gbogbo wa ṣe ń sin èèyàn wa. Físà rẹ̀ ṣì dára fún oṣù méjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti bá a wá iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Kò padà lọ. Ó bọ́ sí ibi tó ti ń kan ọkọ̀, ó gbé òòlù. Nígbà tí Àǹtí Aperila tún wá sí ilé wa, bàbá mi kò jẹ́ kó jókòó tán kó tó fọhùn.

«Ẹ má tọrọ ohunkóhun. Èmi ni mo jẹ ẹ̀bi. Mo ṣi ọmọ náà rò.»

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ó dìde láàárín ìjọ, níbi tó ti dúró ní ọjọ́sí, ó sọ pé ọmọkùnrin kan wà tó lọ tó sì padà, pé kí Ọlọ́run forí ji àgbàlagbà tí kò gbà á gbọ́. Àwọn obìnrin ń nu ojú. Mo jókòó láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n tú sí ìhòòhò. Nígbà tí a jáde, Penitala sọ ohun tó burú jù létí mi.

«Bí mo bá ti ka tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ǹ bá ti bá a láàyè. Àìnáání mi ló fà á. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kan.»

Ó gba ẹ̀bi náà, ó gbé e ru orí ara rẹ̀, mo sì jẹ́ kó rù ú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo lọ bá a níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán gangan. Ó ń di ihò ara ọkọ̀ kan. Mo dúró sí òdìkejì ọkọ̀ náà, mo sọ ọ́.

«Kì í ṣe àṣìṣe. Mo rí orúkọ rẹ dáadáa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó o má baà lè lọ.»

Ó bá iṣẹ́ lọ díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró.

«Ní Saturday,» ló wí, «o jókòó tì mí.»

«Mo jókòó tì ọ́.»

«O gbọ́ nígbà tó ní òun á dúró dè mí.»

«Mo gbọ́.»

«Ìwọ náà lo nu omijé mi lọ́jọ́ tó kú.»

«Èmi ni.»

Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ohun tó lè fọ́. «Máa lọ sílé, Fuatino.»

Mo délé, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo tún un sọ. Lusia sáré wọlé, ó ní òun lòun kọ́ mi. Mo ní àwàdà ni, pé kò kọ́ mi. Bàbá mi jẹ́ kí a sọ tán.

«Ẹ̀rù tí mo fi tọ́ ẹ̀yin méjèèjì ló tẹ lẹ́tà yẹn,» ló wí. Ó wọ yàrá, ó gbé ẹní àtàtà tí ìyá mi hun kó tó kú jáde, èyí tí wọ́n ń tọ́jú de ìgbéyàwó mi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, a rìn lọ sí ilé àwọn Penitala. Bàbá mi, díákónì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè tí símẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì tutù lójú. Ó ní kí n jókòó ti òun. Ó sì fa ẹní náà bo orí wa. Ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ báyìí sí ìdílé kan, abẹ́ ẹní ló ń dúró sí títí wọ́n á fi ṣí i. Bí wọ́n bá sì fẹ́, wọ́n lè má ṣí i.

Oòrùn là. Lábẹ́ ẹní, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nìkan ni mo ń rí. Ẹsẹ̀ Àǹtí Aperila wá, ó dúró, ó padà. Ìyá àgbà Siaula sọkún lórí ìloro, ó ní, «Mo fẹ́ràn ọmọ yìí.» Òógùn bàbá mi ń kán sí ọwọ́ mi. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń le, mo ní kó jẹ́ ká máa lọ.

«Dákẹ́,» ló wí. «Obìnrin tó wà nínú sàréè yìí dúró de ọmọ rẹ̀ ju báyìí lọ.»

Nígbà tí oòrùn ti gun òkè dáadáa, ẹsẹ̀ kan tó ní àpá ìṣó wá dúró síwájú wa. Mo mọ ẹsẹ̀ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ já lù wá.

«Bàbá, ẹ dìde,» Penitala wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé bàbá mi nílẹ̀. «Ibí kọ́ ni irú yín ń jókòó sí.»

Ó mú un wọ inú ilé, wọ́n fún un ní omi. Kó tó wọlé tán, ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

«Mo ṣí i nítorí bàbá rẹ. Tìrẹ ṣì wà lórí rẹ.»

Oṣù mọ́kànlá kọjá. Kò rán ẹnikẹ́ni sí mi. N kò lọ sí ibi tó wà. Bí mo bá rí i lójú ọ̀nà, mo máa ń yà. Mo fi iṣẹ́ Misisi Tomasi sílẹ̀, mo ń bá Lusia hun ẹní tà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Penitala fúnra rẹ̀ wọ ilé wa, láìsí alárinà, omi ń kán lára rẹ̀.

«Mo gbìyànjú láti kórìíra rẹ,» ló wí. «Iṣẹ́ ńlá ni. Ó ti rẹ̀ mí.»

«Ṣé o ti dárí jì mí ni?»

«Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá jí, ìwọ ni mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún.» Ó nu ojú rẹ̀. «Bí mo bá fẹ́ ọ, ọjọ́ mìíràn wà tí n kò ní lè wo ojú rẹ. Ṣé o lè gbà bẹ́ẹ̀?»

Mo ní mo gbà á. Wọ́n so wá pọ̀ ní àárọ̀ Wednesday kan, èèyàn mẹ́jọ ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò wọ funfun. Èmi ni mo sọ pé n kò ní wọ̀ ọ́.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, àwọn ọjọ́ náà wà. Inú ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, n kò sì lè bọ́ síta láìgba ẹ̀gbẹ́ sàréè kọjá. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹfà bá ti dé, Penitala a po ọ̀dà funfun, a kun sàréè ìyá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, òun nìkan. Mo máa ń jókòó sí ilé ìdáná títí yóò fi parí. Ní ọdún àkọ́kọ́ mo gbé omi lọ fún un, ó ní òǹgbẹ kò gbẹ òun. N kò gbé e lọ mọ́.

Ní ọdún kẹta, mo ń gé ọsàn lórí ìloro nígbà tó pè mí. Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Ó tún pè. Mo lọ, mo dúró jìnnà díẹ̀.

«Sún mọ́ ibí,» ló wí. Ó na búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sí mi. «Bá mi kun apá ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ń dùn mí.»

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Ọ̀dà ń ta sí koríko. A kùn ún títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ní àárín. Nígbà náà ló gbé ọwọ́ lé orí símẹ́ǹtì náà, níbi tí ọ̀dà kò tíì dé, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ìgbà tó bá ń pè é lórí fóònù.

«Mama,» ló wí, «Fuatino nìyí. Ìyàwó mi ni.»